Ọmọ Wo ni Olùkọ́ Ń Kọ́? Èrò Ìjìnlẹ̀ Lórí Ẹ̀kọ́ Láti Ìgbà Àwọn Ajíhìnrere dé Ìdánwò Ifẹ̀

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ èrò ìjìnlẹ̀ tirẹ̀ lórí iṣẹ́ ìkọ́ni sílẹ̀ kí ó tó jáde. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń kọ kò jìnnà sí ara wọn: pé ire ọmọ ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, pé ẹ̀kọ́ ni ó ń tún àwùjọ ṣe, pé atọ́nà ni olùkọ́ jẹ́. Wọn a dárúkọ Plato, wọn a dárúkọ Rousseau, wọn a sì fi John Dewey dé e ládé. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ta kò ó, nítorí náà kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí ó kọ ọ́. Èrò ìjìnlẹ̀ olùkọ́ kì í hàn níbi tí gbogbo ayé ti fẹnu kò. Ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì ni ó ti ń hàn, níbi tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan kí ó sì fi èkejì sílẹ̀.

Nínú ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè kan ni ó ń pín ọ̀nà náà lemọ́lemọ́: ọmọ wo gan-an ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ń kọ́ni? Kò sí ètò ẹ̀kọ́ tí a là sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ lọ́nà kan náà. Nígbà gbogbo ni ọmọ kan wà tí a fi ṣe òṣùwọ̀n, tí àwọn yòókù yóò sì máa sáré tẹ̀lé. Ẹni tí ó bá mọ ọmọ tí olùkọ́ fi ṣe òṣùwọ̀n ti mọ filọ́sọ́fì olùkọ́ náà, bí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ìwé tó dé

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò kọ filọ́sọ́fì ẹ̀kọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ní in. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. Babátúndé Fáfúnwá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tí ó jáde ní ọdún 1974, to ète ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sí ọ̀nà méje: mímú ara le, kíkọ́ ìwà, bíbọ̀wọ̀ fún àgbà, títa ọpọlọ jí, kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kíkó ipa nínú ẹbí àti àwùjọ, àti mímọ àṣà ìran ẹni. Ọmọ ti ń kọ́ ìṣirò nídìí ọpọ́n ayò kí ó tó mọ̀ pé ìṣirò ni. Ó ń kọ́ ìrònú nídìí àlọ́ àpamọ̀, ó ń kọ́ ìdájọ́ nídìí àlọ́ àpagbè. Ọmọ tí a fi sẹ́nu iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kò gba ìwé-ẹ̀rí. Ọkọ́ tí ó rọ ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀.

Kò yẹ kí a fi oyin lá ètò yìí jù bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ tí ń bi àgbà ní ìbéèrè ṣáá lè gba ìfọ́tí. Àwọn ìmọ̀ kan wà tí ìdílé kan ṣoṣo fi pamọ́ fún ara wọn. Síbẹ̀, ó ní ohun kan tí ètò tí ó rọ́pò rẹ̀ kò ní: ọmọ tí ó wà ní abúlé yẹn gan-an, tí yóò dàgbà síbẹ̀, tí yóò sì gbé ayé rẹ̀ níbẹ̀, ni a fi ṣe òṣùwọ̀n. Ọmọlúàbí kì í ṣe àmì-ẹ̀yẹ fún ọmọ mélòó kan tí ó mọ̀wé. Gbogbo ọmọ ni a ń retí kí ó yà á.

Ìwé dé, òṣùwọ̀n sì yí padà

Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti C.M.S. ni ó kọ́kọ́ gbé ilé-ìwé wọ ilẹ̀ yìí, láti Àgbádárìgì, láàárín ọdún 1842 sí 1845. Ọmọ tí ó wà lọ́kàn tiwọn ni ọmọ tí yóò ka Bíbélì, tí ó sì lè di ajíhìnrere tàbí tíṣà. Nítorí pé Bíbélì náà gbọ́dọ̀ wọ ọmọ lọ́kàn, àwọn ajíhìnrere, pàápàá àwọn C.M.S., kò kóyán èdè Yorùbá kéré. Ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Wọ́n bẹnu àtẹ́ lu ọ̀pọ̀ àṣà àwọn tí ó ni èdè náà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ èdè wọn sílẹ̀. Ohun méjèèjì yìí jọ ṣẹlẹ̀, kò sì yẹ kí òpìtàn fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Owó ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1882 so owó ìrànwọ́ tí ilé-ìwé yóò gbà mọ́ èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó ń mú owó wá. Kò sí ìjíròrò kankan lórí bóyá ọmọ ń lóye tàbí kò lóye. Ọmọ tí yóò jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní ilé ìtajà àwọn òyìnbó ni ó di òṣùwọ̀n. Àwọn ará Èkó kan fi ẹ̀hónú hàn pé a ti pa èdè àwọn tì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ni ó fara mọ́ ọn, nítorí pé iṣẹ́ akọ̀wé ń mú owó oṣù wálé. Ẹni tí yóò bá bú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun mìíràn tí wọn ì bá fi bọ́ ọmọ wọn.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1922, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi ìwé ìlànà ọdún 1925 tẹ̀lé e, ohùn yí padà: wọ́n ní kí ẹ̀kọ́ bá ìgbésí ayé ọmọ mu, kí a lo èdè abínibí ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, kí a kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà kọ etí dídi sí i. Wọ́n fura pé ẹ̀kọ́ aláàbọ̀ ni wọ́n fẹ́ fún àwọn, kí aláwọ̀ dúdú lè máa roko nígbà tí aláwọ̀ funfun ń ṣàkóso. Ìfura yìí kò tíì kúrò nílẹ̀. Òbí tí ó bá yọjú sí ọ̀gá ilé-ìwé lónìí, tí ó ní òun kò sanwó kí a wá fi Yorùbá kọ́ ọmọ òun, ń sọ ohun tí àwọn ará Èkó ìgbà náà sọ, olùkọ́ tí kò bá sì mọ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé òpè ni òbí náà.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ méjì ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ilé-ẹ̀kọ́ gíramà Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọ̀gá méjì tẹ̀léra tí èrò wọn yàtọ̀ pátápátá. Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà ni ó kọ́kọ́ jẹ ọ̀gá níbẹ̀. Nígbà tí ó di Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, òun ni ó gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní ọdún 1952. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì lé ní 800,000 ní ọdún náà, nígbà tí wọn kò ju bí i 457,000 lọ ní ọdún tí ó ṣáájú. Èrò ìjìnlẹ̀ Awókọ̀yà kò ṣòro láti kà: gbogbo ọmọ ni, tọmọ ọlọ́rọ̀ tọmọ tálákà, kí ilé-ìwé tilẹ̀ kún kí ó sì há. Àwọn alátakò ní olùkọ́ kò tó àti pé ẹ̀kọ́ yóò bàjẹ́. Olùkọ́ kò tó lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó wọ kíláàsì kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró de olùkọ́, ọmọ tí ó pé ọdún mẹ́fà ní 1955 kò ní padà di ọmọ ọdún mẹ́fà mọ́.

Táí Ṣólàárín ni ó gba ipò náà lẹ́yìn Awókọ̀yà ní ọdún 1952. Òun kò gbà pé kí a kàn kó gbogbo ọmọ wọlé tó; ó fẹ́ mọ ohun tí a ń fi wọ́n ṣe níbẹ̀. Ó gbà pé àdúrà àti orin ìsìn kò ní iṣẹ́ kankan ní ilé-ẹ̀kọ́, èdè-àìyedè lórí ọ̀rọ̀ náà sì mú kí ó fi Molusi sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1956, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń roko tí wọn yóò jẹ, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe nínú iṣẹ́ ilé tí wọn yóò gbé. Ṣòkòtò péńpé àti fìlà ni ọ̀gá wọn máa ń wọ̀ ká.

Ó dára kí a kíyè sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ Ṣólàárín. Iṣẹ́ oko tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ̀ nígbà tí Phelps-Stokes mú un wá ni Ṣólàárín gbé kalẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, tí àwọn òbí sì ń rọ́ gìrọ́gìrọ́ mú ọmọ wọn wá. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní Mayflower, ọmọ tí ń roko náà ni ó ń kọ́ físíìsì. Oko kò dípò ìwé, ìwé kò sì yọ ọmọ kúrò lóko. Ìlànà kan náà lè jẹ́ ẹ̀tàn lọ́wọ́ ẹnì kan kí ó sì jẹ́ òmìnira lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Orúkọ tí a fún filọ́sọ́fì kò tó láti dá a mọ̀.

Ìdánwò Ifẹ̀, 1970 sí 1978

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kó ọmọ wọlé, ṣùgbọ́n kò yí òṣùwọ̀n 1882 padà. Nínú ìlànà tí ó wọ́pọ̀, a óò fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, a óò wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta yòókù, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò bá a ní ilé-ẹ̀kọ́ gíramà. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bi ìbéèrè kan tí ó rọrùn: ọmọ mélòó ni ó ń dé ilé-ẹ̀kọ́ gíramà? Ní àkókò náà, ìwé mẹ́fà ni òpin ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Èyí já sí pé ọdún mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn ẹ̀kọ́ ọmọ wọ̀nyí ni a fi ń múra wọn sílẹ̀ fún ibi tí wọn kò ní lọ, ní èdè tí wọn kò tíì gbọ́ dáadáa. Ọmọ a kúrò nílé-ìwé láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán, kò sì ní lè fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n sọ pé òun kọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Ní kíláàsì ìdánwò, Yorùbá ni èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: òun ni wọ́n fi kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ òun àṣà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tí ó mọ bí a ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń kọ́ wọn. Ní kíláàsì ìfiwéra, ìlànà ọdún mẹ́ta Yorùbá àti ọdún mẹ́ta Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ̀lé.

Ẹni tí ó bá rò pé ìtara fún àṣà nìkan ni ó wà nídìí ètò náà yóò yà lẹ́nu láti mọ̀ pé Adébísí Afọláyan, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó gbé e ró, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó yé e pé olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò dá múṣé, tí ó ń fi í kọ́ sáyẹ́ǹsì láti àárọ̀ di ọ̀sán, sáyẹ́ǹsì ni ó ń bàjẹ́, Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó ń bàjẹ́.

Iṣẹ́ tí ó ṣòro jù ni ìwé. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì tàbí ìṣirò ní èdè Yorùbá tí ó dé ìwé mẹ́fà; àwọn aṣèwádìí àti àwọn olùkọ́ ni wọ́n jókòó kọ ọ́. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò tíì ní ọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má sì le ju ohun tí ó ń ṣàlàyé lọ. Olùkọ́ tí ó ti lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà èwe rẹ̀ a rí i pé òun kò tíì lóye ohun tí òun ń kọ́ni, títí di ìgbà tí ó bá ní láti sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lédè tí kò lè fi tan ọmọ náà. Ọmọ lè kọ́ ọ̀rọ̀ «evaporation» sórí kí ó sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí a bá fi Yorùbá bi í pé níbo ni omi ara aṣọ tí a sá sóòrùn lọ, àfi kí ó ronú. Iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sí Ifẹ̀: ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá méjèèjì, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú èkíní (1984), tí Ọládélé Awóbulúyì sì jẹ́ olóòtú èkejì (1990), wà lára ohun tí àwọn olùkọ́ Yorùbá ní nílé-ẹ̀kọ́ gíga ń fi ṣiṣẹ́.

Èsì rẹ̀ hàn kedere nígbà tí wọ́n fi àwọn kíláàsì náà wé ara wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì ìdánwò ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn, wọ́n sì tún ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíramà, a kò rí i pé wọ́n rẹ̀yìn. Ìròyìn kíkún jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé ní ọdún 1989.

Olùkọ́ tí ó jẹ́ olóòótọ́ kò gbọdọ̀ ka èsì yìí bí ẹni ka ìwé ìyìn. Ọ̀pọ̀ ohun ni ó wà lọ́wọ́ kíláàsì ìdánwò yàtọ̀ sí èdè: ìwé tuntun, olùkọ́ tí a tún kọ́, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọṣẹ́, àti ojú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń wò wọ́n. Ó ṣòro láti sọ pé èdè nìkan ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Modákẹ́kẹ́ sì jẹ́ ibi tí Yorùbá ti jẹ́ èdè gbogbo ọmọ. Kíláàsì kan ní Ajégúnlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo ìwọ̀nyí kúrò ṣì wúwo: ìbẹ̀rù pé ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà yóò sọ Gẹ̀ẹ́sì nù kò ṣẹ.

Ìlànà ìjọba àti ọwọ́ olùkọ́

Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọdún 1977 sọ pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ, kò gba ti Ifẹ̀ wọlé pátápátá. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990, ó sì gbé ọ̀rọ̀ èdè abínibí ga, síbẹ̀ kò rí i kí ìlànà ọdún mẹ́fà gbilẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tuntun tí ó ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí Ifẹ̀ ti dán wò ní ọdún 52 ṣáájú. Kò pé ọdún mẹ́ta. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàúsà, kéde ní Àbújá pé a ti wọ́gi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tí ó fún un ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde níbi tí a ti lo èdè abínibí. Àwọn onímọ̀ èdè ta kò ó, wọ́n ní ìlànà tí a kò tíì lò káàkiri kò lè jẹ̀bi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé-ìwé.

Níhìn-ín ni ọ̀nà ti pín fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra àtijáde gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní ìdánrawò ìkọ́ni rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi wo nóòtì rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni alábòójútó yóò sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ogójì yóò wà níwájú rẹ̀, bóyá mẹ́fà nínú wọn ni yóò gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ó lè kọ́ àwọn mẹ́fà náà, kí kíláàsì parọ́rọ́, kí máàkì rẹ̀ pé. Ó lè ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilẹ̀ yìí ti ń ṣe láìpariwo láti ìgbà òfin 1882: kí ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún aláṣẹ, kí ó yíjú sí àwọn ọmọ, kí ó tún un sọ ní Yorùbá. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọ ọ́ sínú èrò ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ní kí ó kọ, nítorí pé kò bá ìlànà mu. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé kí ni ìdí, tí ó sì lè dáhùn pé ọmọ báyìí ni mo ń kọ́, pé ìdí báyìí ni n kò fi lè fi í sílẹ̀, pé báyìí sì ni n óò ṣe kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà má bàa kú, ìdáhùn yẹn ni ó yẹ kí ó kọ sójú ìwé dípò orúkọ Plato.